Ọmọ yẹn kì í ṣe olódo: èsì mi fún bàbá tó kọ̀wé láti Kétu

Ọ̀gá olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá ìwé ìròyìn yìí. Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí ni mo ti ń kọ̀wé, apá Ouando. Lẹ́tà kan tí ẹ gbé jáde ló jẹ́ kí n mú bírò, èyí tí bàbá kan kọ láti Kétu nípa ọmọbìnrin ẹ̀ tó ń ka droit, ìyẹn ìmọ̀ òfin, ní yunifásítì, tó ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì ní ọdún kìíní. Bàbá yẹn ní òun ti ta ilẹ̀ torí ọmọ náà, ó ní ọmọ náà kì í sùn, òru ló fi ń kàwé, á máa ka cours (ẹ̀kọ́ tó kọ sílẹ̀ ní kíláàsì) sókè títí ohùn ẹ̀ á fi há, síbẹ̀ tí èsì bá jáde, 6 ni, 7 ni, nínú 20. Ó wá ní bóyá orí ọmọ òun ò gba òfin ni, pé òfin wà fún àwọn tí Ọlọ́run fún ní orí tó ń gbá nǹkan mú, kí òun kúkú mú un kúrò kó lọ kọ́ṣẹ́ télọ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka ibẹ̀ yẹn, ó dùn mí. Mi ò ní nǹkan kan lòdì sí iṣẹ́ télọ̀ o, télọ̀ ni ìyá mi, owó ẹ̀rọ ìránṣọ ẹ̀ ni mo fi kàwé láti kékeré títí mo fi ṣe Master. Àmọ́ ọmọ tó ń kàwé tí ohùn ẹ̀ fi ń há, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é ní ẹni tí orí ẹ̀ ò pé. Ó ń ṣiṣẹ́. Ó tiẹ̀ ṣeé ṣe kó máa ṣiṣẹ́ ju àwọn kan tó gba 12 lọ. Ọ̀nà tó ń gbà ṣe é ni kò gbè é, kò sì sẹ́ni tó jókòó tì í kó fi ọ̀nà míì hàn án. Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyẹn, mo bẹ̀ yín kẹ́ ẹ fún mi láyè díẹ̀, torí kì í ṣe ọmọ bàbá yẹn nìkan, mo mọ ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́, mo mọ ọmọ Pobè, mo mọ ti Àjàṣẹ́ níbí tí wọn ò lóǹkà, ìṣòro kan náà ni gbogbo wọn ní.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ ara mi. Nígbà tí mo gba BAC tán tí mo wọ yunifásítì, èmi náà rò pé kíkàwé òfin ni kéèyàn há cours sórí. A pọ̀ nínú amphi, gbọ̀ngàn ẹ̀kọ́ ńlá yẹn, tó o bá pẹ́ díẹ̀ o ò ní ríbi jókòó, ojú wíńdò ni mo máa ń dúró sí tí màá fi ìwé ti ògiri kọ nǹkan. Prof á máa ka, àwa á máa kọ. Ẹnikẹ́ni ò dúró kó sọ fún wa pé báyìí ni wọ́n ṣe ń kọ dissertation, ìyẹn àròkọ òfin, báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe commentaire d'arrêt, ìyẹn àlàyé lórí ìdájọ́ ilé ẹjọ́. TD, kíláàsì kékeré tí wọ́n ti ń fi ẹ̀kọ́ dánra wò, ló yẹ kó ṣe ìyẹn, àmọ́ TD tiwa nígbà yẹn, ọ̀sẹ̀ kan á wà, ọ̀sẹ̀ méjì ò ní sí. Ni mo bá há gbogbo ẹ̀ sórí. Cours droit constitutionnel, ẹ̀kọ́ lórí Òfin Ìpìlẹ̀, mo lè kà á láti ojú ewé àkọ́kọ́ dé èyí tó kẹ́yìn bí ẹni ń ki oríkì ìdílé. Ọjọ́ ìdánwò dé, ìbéèrè kan jáde lórí agbára Cour constitutionnelle, ilé ẹjọ́ tó ń ṣọ́ Òfin Ìpìlẹ̀, mo kọ ojú ewé mọ́kànlá, mo da gbogbo ohun tó wà lórí mi síbẹ̀, Conférence nationale oṣù kejì 1990, Òfin Ìpìlẹ̀ ti 11 oṣù kejìlá 1990, ọ̀rọ̀ ààrẹ, ọ̀rọ̀ àwọn aṣòfin, gbogbo ẹ̀ porogodo. Inú mi dùn nígbà tí mo jáde. 5 ni mo gbà nínú 20. Ẹni tó máàkì ẹ̀ kọ gbólóhùn méjì péré síbẹ̀ pẹ̀lú bírò pupa: Récitation de cours. Pas de plan. (Cours ló kàn kà jáde. Kò sí ètò.)

Mo sunkún lórí pépà yẹn, mi ò jẹ́ kí ìyá mi rí mi. Ohun tó wá burú jù ni pé mi ò mọ ohun tí wọ́n ń bá mi sọ. Plan wo? Ṣebí mo kọ ohun tí wọ́n kọ́ mi.

Ẹ̀gbọ́n kan nínú agboolé wa ló là mí lójú, ó ti wà ní Master nígbà yẹn. Ó ní kí n pa ìwé dé. Ó ní, "Sọ ọ̀rọ̀ Blanco fún mi." Mo ní arrêt Blanco, Tribunal des conflits, ọjọ́ 8 oṣù kejì 1873, autonomie du droit administratif. Ó ní, "Ó tó, ó tó. Sọ ọ́ ní Yorùbá, sọ ọ́ bí ẹni ń ròyìn fún màmá." Mo lanu, kò sí nǹkan kan tó jáde. Mi ò mọ ẹni tí Blanco jẹ́! Láti bí oṣù mẹ́fà tí mo ti ń pe orúkọ yẹn, mi ò mọ̀ pé ọmọdébìnrin kan ni, ọmọ ọdún márùn-ún, Agnès Blanco, ní ìlú Bordeaux nílẹ̀ Faransé, tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ tábà ìjọba ti kẹ̀kẹ́ akẹ́rù jáde tó sì gbá a tó ṣe é léṣe. Bàbá ẹ̀ gbé ìjọba lọ sílé ẹjọ́, ó ní kí wọ́n san owó ohun tí wọ́n bàjẹ́ lára ọmọ òun, bí Code civil, ìwé òfin láàárín ará ìlú, ṣe wí. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀: ilé ẹjọ́ wo ló máa gbọ́ ọ, ṣé èyí tí èmi àtẹ̀yin ń lọ tá a bá ní gbólóhùn asọ̀, àbí ti ìjọba lọ́tọ̀? Ṣé òfin tí wọ́n fi ń dá ẹjọ́ láàárín aládùúgbò méjì náà ni wọ́n máa fi dá ti ìjọba? Tribunal des conflits, ilé ẹjọ́ tó ń yanjú irú asọ̀ yẹn, ní rárá, nǹkan tí ìjọba bá ṣe nídìí iṣẹ́ ìlú ní òfin tiẹ̀, adájọ́ tiẹ̀ ló sì máa gbọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí, ó ní, "O ti wá rí i pé ọ̀rọ̀ ọmọ èèyàn ni?" Láti ọjọ́ yẹn, tẹ́ ẹ bá jí mi lóru, màá sọ Blanco fún yín.

Ìbéèrè márùn-ún ló fún mi ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, títí dòní ni mo ń lò wọ́n, òun náà ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ tó ń wá sí àgbàlá wa ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ta ló ṣe kí ni fún ta? Ibo ni wọ́n kọ́kọ́ gbé ẹjọ́ yẹn lọ, kí ni wọ́n sì sọ fún wọn níbẹ̀? Kí ni oníkálukú ń jà fún? Kí wá ni ìbéèrè tí adájọ́ gbọ́dọ̀ dáhùn? Kí ló dáhùn, kí ló sì fi ti ìdáhùn ẹ̀ lẹ́yìn? Faits, procédure, prétentions, problème de droit, solution, òun náà nìyẹn. Fiche d'arrêt, ìsọníṣókí ẹjọ́ tó ń dẹ́rù ba àwọn ọmọ, ẹnikẹ́ni tó bá ti jókòó níwájú baálé rí níbi tí wọ́n ti ń parí ìjà ti mọ̀ ọ́n kó tó dé yunifásítì. Ní agboolé wa, tí ẹnì kan bá sáré wá fẹjọ́ sùn, bàbá àgbà ò ní dá a lóhùn, á ní ẹ lọ pe ẹnì kejì wá ná, torí agbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ọjọ́ tí wọ́n dárúkọ principe du contradictoire, pé kí adájọ́ gbọ́ tẹnu ẹni méjèèjì, fún wa tí gbogbo amphi ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí ohun àjèjì, bàbá àgbà ni mo rántí.

Ẹ jẹ́ n sọ èyí tó ṣẹlẹ̀ ní àgbàlá wa kẹ́ ẹ lè rí ohun tí mo ń wí. Mo fún àwọn ọmọ ní décision (ìdájọ́) kan tó lórúkọ dáadáa ní Bẹ̀nẹ̀ wa níbí, DCC 02-144, ọjọ́ 23 oṣù kejìlá 2002. Òun ni Cour constitutionnelle fi dá òfin ìdílé padà sọ́wọ́ àwọn aṣòfin, torí òfin tí wọ́n ṣe yẹn gbà fún ọkùnrin kó yàn bóyá ìyàwó kan lòun fẹ́ àbí ju ẹyọ kan lọ. Àwọn ọmọ méje ló wà níbẹ̀, mẹ́ta nínú wọn bàbá wọn láya ju ẹyọ kan lọ. Yééè, ariwo ta! Ọ̀kan ní kí ló kan ilé ẹjọ́ níbẹ̀, bàbá òun fẹ́ mẹ́ta gbogbo wọn sì ń jẹun. Ọmọbìnrin kan ní kó panu mọ́, ṣé ó ti béèrè lọ́wọ́ ìyá ẹ̀? Mo jẹ́ kí wọ́n jà á tán, Yorùbá ni gbogbo ẹ̀, Gùn díẹ̀ níbẹ̀. Mo wá béèrè pé, "Ẹ dákẹ́, kí ni ìbéèrè tó wà níwájú Cour?" Gbogbo wọn ní, "Bóyá ó dáa kéèyàn fẹ́ ìyàwó púpọ̀." Mo ní ẹ padà lọ kà á. A padà, a kà á wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, a ṣí Òfin Ìpìlẹ̀ sí article 26, níbi tó ti sọ pé ọkùnrin àti obìnrin dọ́gba níwájú òfin. Ọmọbìnrin yẹn ló kọ́kọ́ rí i. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọn ò béèrè bóyá ó dáa o. Wọ́n ń béèrè bóyá òfin lè fún ọkùnrin ní nǹkan yíyàn kó má fún obìnrin." Mo fẹ́ẹ̀ dìde jó. Problème de droit nìyẹn! Ẹni tó bá kọ èyí sí ojú ewé kìíní, commentaire ẹ̀ ti ní ọ̀nà. Ẹni tó bá kọ ti àkọ́kọ́, ojú ewé ogún ni kó kọ, hors sujet ni, kò dáhùn ìbéèrè. Àwọn aṣòfin tún òfin yẹn ṣe lẹ́yìn náà, wọ́n fọwọ́ sí i ní 24 oṣù kẹjọ 2004, ìgbéyàwó ọkùnrin kan obìnrin kan nìkan ló mọ̀. Àwọn ọmọ méje yẹn, mi ò rò pé ìkankan nínú wọn lè gbàgbé ẹ̀ láéláé, a ò sì há nǹkan kan sórí lọ́jọ́ yẹn.

Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń sọ fún wọn pé kí wọ́n kọ́kọ́ fi Yorùbá yé ara wọn. Àwọn kan máa ń bínú sí mi, wọ́n ní Faransé ni wọ́n máa fi kọ ìdánwò, kí ni Yorùbá ń wá. Mo gbà, Faransé náà ni wọ́n máa fi kọ ọ́, ọ̀rọ̀ tó bá òfin mu gẹ́lẹ́ ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ lò, kò sí àbùjá níbẹ̀. Nínú Code pénal (ìwé òfin ọ̀daràn) wa ti 2018, vol lọ́tọ̀, abus de confiance lọ́tọ̀. Tá a bá ń sọ̀rọ̀ lójú pópó, olè la máa pe àwọn méjèèjì, àmọ́ tẹ́ ẹ bá bi màmá tó ń tajà ní ọjà Ouando, á sọ fún yín láìronú pé ẹni tó wọ ṣọ́ọ̀bù òun jí aṣọ, àti ẹni tí òun fúnra òun kó aṣọ fún pé kó bá òun tà tó wá kówó jẹ, ọ̀rọ̀ wọn ò dọ́gba. Màmá yẹn ti mọ ìyàtọ̀ náà, orúkọ Faransé ẹ̀ ló kù. Ọmọ tó bá ní ìyàtọ̀ náà lọ́kàn kó tó há orúkọ, kò lè ṣi orúkọ lò mọ́.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ há-sórí gan-an. Ẹ má sọ pé mo ní kí ọmọ má há nǹkan kan sórí. Òfin ní définition, ó ní déètì, ó ní nọ́ńbà article, ó sì níye èyí tó gbọ́dọ̀ wà lórí. Àmọ́ báwo ló ṣe ń dé orí? Bàbá ìyá mi ní ilé kéwú, mo wà níbẹ̀ ní kékeré. Ọmọ á kọ tiẹ̀ sórí wàláà, á kà á, á kà á, tó bá yá á gbé wàláà fún alfa, á wá ké e láìwò. Tó bá ṣì í, alfa á dá a padà. Tó bá já gaara ni wọ́n tó fọ wàláà kó kọ òmíì, tó bá sì di ọ̀la kó tó gba tuntun á kọ́kọ́ ké ti àná. Àwọn ọmọ awo tó ń kọ́ Ifá náà, odù 256 yẹn, kò sí ìwé níwájú wọn, olúwo á ní ki í, wọ́n á ki í, níbi tó bá ti já ni wọ́n ti máa tún un kọ́. Gbígbé e jáde látinú ló ń jẹ́ kó dúró. Ọmọ bàbá wa ní Kétu ń ka wàláà ní gbogbo òru ni, kò gbé e fún alfa rí títí ọjọ́ ìdánwò, ọjọ́ yẹn ló wá ń gbìyànjú láti ké e láìwò fún ìgbà àkọ́kọ́. Báwo ni kò ṣe ní dà rú?

Àwọn onímọ̀ pàápàá ti wò ó. Ará Jámánì kan, Ebbinghaus, ti kọ ọ́ jáde láti 1885, ó fi ara ẹ̀ dán an wò, ó rí i pé ohun téèyàn kọ́ máa ń sá lọ kíákíá láàárín wákàtí àti ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́, tó bá wá padà sí i léraléra ni sísá yẹn á dẹ̀. Ní 2006 àwọn méjì ní Amẹ́ríkà, Roediger àti Karpicke, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní nǹkan kà: àwọn kan ń tún un kà, àwọn kan ń pa á dé tí wọ́n ń kọ ohun tí wọ́n rántí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó ń tún un kà ló mọ̀ ọ́n jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó ń pa á dé ti kọjá wọn. Ìyẹn ló ń tan àwọn ọmọ jẹ, torí tó o bá ka nǹkan lẹ́ẹ̀kẹwàá lóru ó máa ń dà bíi pé o ti mọ̀ ọ́n, ojú ẹ ló mọ̀ ọ́n, kò tíì dé inú.

Nítorí náà, bàbá, ẹ sọ fún un: kó ka apá kan nínú cours, kó yé e, kó pa á dé, kó mú pépà funfun, kó kọ gbogbo ohun tó rántí, kó ṣí i padà kó fi bírò pupa kọ èyí tó sá lọ. Pupa yẹn ni kó kà lọ́la, kì í ṣe gbogbo ìwé. Kó tún dán ara ẹ̀ wò lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn bí oṣù kan. Kó gé páálí kékeré, ìbéèrè níwájú, ìdáhùn lẹ́yìn, a máa ń gé tiwa láti inú páálí mílíìkì, kò ná wa ní kọ́bọ̀. Tó bá ń lọ sọ́jà lórí zém (ọ̀kadà), kó máa yẹ̀ ẹ́ wò. Kó sì sùn lóru! Kí n tún un sọ, ẹ jẹ́ kí ọmọ yẹn sùn, ọpọlọ tó ti gbó lóru ò lè ronú lórí ìbéèrè àràmàǹdà láàárọ̀.

Èyí tó kàn ni kíkọ, òun gan-an ni máàkì wà. Àwọn ọmọ á ka cours ní oṣù mẹ́rin, wọn ò ní kọ dissertation kan ṣoṣo kí ìdánwò tó dé. Ṣé ẹni tó ń wo bí wọ́n ṣe ń wakọ̀ láti ẹ̀yìn ti mọ ọkọ̀ wà ni? Wọ́n gbọ́dọ̀ mú ìbéèrè ọdún tó kọjá, àwọn anciens, àwọn tó ti ṣáájú wọn níbẹ̀, ní i lọ́wọ́, fotokópì ẹ̀ wà níbi gbogbo, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n gbé aago síwájú, wákàtí mẹ́ta, láìṣí ìwé. Nínú wákàtí mẹ́ta yẹn, kó má tíì kọ ìwé gidi títí wákàtí kan á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Kó ka ìbéèrè lẹ́ẹ̀mẹta, kó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tó wà níbẹ̀, títí kan "àti" tó wà láàárín ọ̀rọ̀ méjì, torí nígbà míì ibẹ̀ gan-an ni ìbéèrè fara pamọ́ sí. Kó wá to plan ẹ̀, apá méjì, kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú A àti B, kí I àti II jẹ́ ìdáhùn sí ìbéèrè kan náà. Tẹ́ ẹ bá ka àkọlé mẹ́rin yẹn nìkan, ẹ gbọ́dọ̀ mọ ohun tó fẹ́ sọ. Tí I bá jẹ́ "définition" tí II jẹ́ "régime" (òfin tó ń darí ẹ̀), tó sì lè bá gbogbo ìbéèrè ayé mu, kó tún un rò. Ìyẹn ni plan tí bírò pupa yẹn ń bi mí lọ́jọ́ náà.

Cas pratique ńkọ́, ìbéèrè tí wọ́n ti ń ní kéèyàn fi òfin yanjú ọ̀rọ̀ tó ṣẹlẹ̀? Ohun tí mo máa ń fún wọn ni ewúrẹ́. Ewúrẹ́ aládùúgbò já okùn, ó wọ agboolé yín, ó jẹ láfún tí màmá yín sá. Aládùúgbò ní òun ò mọ̀ nípa ẹ̀, òun ò tiẹ̀ sí nílé, ewúrẹ́ ló já okùn fúnra ẹ̀. Ọmọ á kọ ọ́ pé, "Kó sanwó, òun ló ni ewúrẹ́." Òótọ́ ni, màmá náà mọ ìyẹn, àmọ́ máàkì ẹ̀ ò ní pọ̀. Kó kọ́kọ́ gbé òfin kalẹ̀: article 1385 Code civil, ẹni tó ni ẹran tàbí ẹni tó ń lò ó ló máa dáhùn fún ohun tí ẹran náà bàjẹ́, ì báà wà lọ́wọ́ ẹ̀, ì báà ti sọ nù tàbí kó ti já. Kó wá fi ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ti òfin náà, ègé kọ̀ọ̀kan: tiẹ̀ ni ewúrẹ́, láfún bàjẹ́, ewúrẹ́ yẹn ló jẹ ẹ́, pé ó já okùn ò gbà á sílẹ̀ torí òfin ti dárúkọ èyí tó já. Lẹ́yìn náà ni kó tó parí ẹ̀ pé aládùúgbò máa dáhùn. Ẹni tó bá fẹ́ gba máàkì tó jọjú, kó tún béèrè kí ni aládùúgbò lè sọ láti yọ ara ẹ̀: ṣé màmá sá láfún sí àárín ọ̀nà ni, ṣé ẹ̀bi wà lọ́wọ́ tiẹ̀ náà? Nígbà tí wọ́n bá ti ṣe ewúrẹ́ tán, ilé iṣẹ́ tó jẹ gbèsè tàbí ògiri tó wó lu ẹlòmíì, bákan náà ni wọ́n á ṣe é.

Ibí ni mo fẹ́ kí gbogbo ọmọ tó ń wá nǹkan lórí fóònù ti fetí sílẹ̀. Ẹ̀yin ń wá cours àwọn ará Faransé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó dáa, àmọ́ ẹ ṣọ́ra. Wọ́n ṣe àtúnṣe ńlá sí Code civil tiwọn ní 10 oṣù kejì 2016, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1 oṣù kẹwàá ọdún yẹn, nọ́ńbà púpọ̀ ló yí: article 1382 lórí ẹni tó fi ẹ̀bi ba nǹkan ẹlòmíì jẹ́ di 1240, 1385 wa yìí di 1243, 1134 lórí àdéhùn di 1103. Tiwa ò yí. Code civil tí a jogún kí òmìnira tó dé ní 1960 la ṣì ń lò lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Ọmọ tó bá kọ 1240 síwájú adájọ́ Bẹ̀nẹ̀, ó ti sọ fún ẹni tó ń máàkì pé inú ilé ẹlòmíì lòun ti lọ yá aṣọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni OHADA, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó ń lo òfin òwò kan náà, ìwé àdéhùn ẹ̀ ti Port-Louis 1993 wà níbẹ̀, àmọ́ àwọn Acte uniforme, àwọn òfin tó pa wọ́n pọ̀, ń yí: ti sociétés (ilé iṣẹ́) yí ní 2014, ti gbígba gbèsè àti voies d'exécution (fífipá mú ìdájọ́ ṣẹ) wọ́n ṣe tuntun ní oṣù kẹwàá 2023, síbẹ̀ mo ṣì ń rí fotokópì 1998 lọ́wọ́ àwọn ọmọ tí ẹnì kan tà fún wọn ní 1500 fráǹkì. Kóòdù ilẹ̀ wa ti 2013 náà, wọ́n ti fọwọ́ kàn án ní 2017. Òfin Ìpìlẹ̀ gan-an, wọ́n ti ń tún un ṣe láti 2019. Ọ̀fẹ́ ni púpọ̀ nínú wọn lórí site Secrétariat général du gouvernement, ọ́fíìsì akọ̀wé àgbà ìjọba. Kí ọmọ tó há article kankan sórí, kó béèrè lọ́dún wo ni wọ́n tẹ ìwé yìí.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìdánwò ò gùn. Kó jẹ kókò àti àkàrà kó tó jáde, kó má bá àwọn tó ń pariwo lẹ́nu ọ̀nà sọ pé "mo gbọ́ pé èyí ló máa jáde" sọ̀rọ̀, kó kọ ọ́ kó ṣeé kà. Tó bá kù ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí kò tíì dé II B, kó kọ àkọlé ẹ̀ àti gbólóhùn díẹ̀, kó má fi òfìfo sílẹ̀.

Kò dáa kó máa dá nìkan kàwé nínú yàrá. Kó wá ẹni méjì tàbí mẹ́ta, kì í ṣe ogún, kí oníkálukú kọ tiẹ̀, kí wọ́n pààrọ̀ pépà, kí wọ́n máàkì ara wọn. Máàkì tí mo fún pépà ọ̀rẹ́ mi ló kọ́ mi ní àṣìṣe mi ju èyí tí prof kọ sí tèmi lọ. Àwa ní Àjàṣẹ́ pàápàá, ìlú òfin la wà: Assemblée nationale (ilé aṣòfin) wà níbí, Cour suprême (ilé ẹjọ́ gíga jù lọ) wà níbí, ERSUMA, ilé ẹ̀kọ́ tí OHADA ti ń dá àwọn adájọ́ àti òṣìṣẹ́ ilé ẹjọ́ lẹ́kọ̀ọ́ láti orílẹ̀-èdè 17 wà níbí, Bibliothèque nationale wà ní Ouando, ìtòsí ilé wa. Mo máa ń rí àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń gba ẹnu ọ̀nà wọn kọjá bíi pé ibẹ̀ ò kàn wọ́n, ó sì máa ń ká mi lára. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo wọlé lọ jókòó sẹ́yìn nílé ẹjọ́ níbi tí wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ ní gbangba, ohun tí mo ti kà ní procédure fún odindi sáà ló ṣí sílẹ̀ lójú mi ní wákàtí méjì.

Ẹ̀yin òbí, mo mọ bí owó ṣe rí. Mo mọ ohun tí ilẹ̀ tí bàbá yẹn tà túmọ̀ sí ní Kétu. Àmọ́ tí ọmọ bá dé ilé ní ìsinmi, ẹ má bi í pé "Ṣé ò ń kàwé?" Ẹ bi í pé, "Ẹjọ́ wo lẹ kọ́ lọ́sẹ̀ yìí? Sọ ọ́ fún mi." Ẹ jókòó, ẹ gbọ́, ibi tí kò bá yé yín, ẹ ní kó tún un sọ. Ẹ ò nílò láti mọ Faransé kan. Tí kò bá lè mú un yé yín, òun náà á rí i pé kò tíì yé òun, inú ilé ló ti máa rí i kó tó di inú gbọ̀ngàn ìdánwò. Ìyá mi ò mọ ìwé, abẹ́rẹ́ ló ń gún títí dòní, ó sì lè sọ ọ̀rọ̀ Agnès Blanco fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, torí òun ni mo sọ ọ́ fún nígbà tí mo ń múra rattrapage (ìdánwò àtúnṣe) ọdún yẹn. 13 ni mo gbà.

Ọ̀gá olóòtú, ẹ̀bẹ̀ mi lọ́dọ̀ yín ni pé kẹ́ ẹ máa fún wa ní igun kékeré kan lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ká fi Yorùbá sọ ẹjọ́ kan ṣoṣo, ẹni tó ṣe é, ẹni tí wọ́n ṣe é fún, ohun tí adájọ́ sọ, èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì ti ṣetán láti máa kọ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Bàbá wa ní Kétu, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gba ẹ̀rọ ìránṣọ fún un. Ọdún yìí nìkan, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ìwé ìròyìn yìí, wọ́n á bá mi gbé e dé ọ̀dọ̀ yín, kó wá lo Àbámẹ́ta méjì pẹ̀lú wa ní àgbàlá, àárọ̀ ni a máa ń bẹ̀rẹ̀, a kì í gbowó. Kó má kó cours wá. Kó mú pépà méjèèjì tó gba 6 àti 7 yẹn wá tó bá ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀, àti bírò pupa kan.

Èmi ni tiyín,
Ọmọ télọ̀, Ouando, Àjàṣẹ́